Afárá Tó Lé Mi Lọ sí Yunifásítì

Lọ́dún tí mo ti òkè òkun dé, iṣẹ́ ló ń wá èèyàn kiri, èèyàn kọ́ ló ń wá iṣẹ́. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú. Ìjọba ń la ọ̀nà, ó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, ó ń kọ́ bárékè, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì sì tò lọ bẹẹrẹ lójú òkun, wọn ò ráyè já ẹrù wọn ní Àpápá. Ẹni tó bá ti lè sọ pé ẹnjiníà lòun, wọn á ti na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí i kó tó jókòó. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé ni ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó kan gbà mí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí. Wọ́n fún mi ní ọkọ̀ ìjàpá kan, wọ́n ní kí n lọ máa bójú tó ọ̀nà tí wọ́n ń là láti Ìkòtún gba Ìgándò lọ sí apá Ẹgàn.

Èmi àti ìyàwó mi gba yàrá méjì ní Ẹ̀gbẹ́dá. Nígbà yẹn, oko ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́yìn ilé wa, iwájú ilé sì jẹ́ ọ̀nà yangí tí eruku rẹ̀ máa ń wọ inú ọbẹ̀. Ìyàwó mi ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ìdímù. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde pé ara mi ò balẹ̀. Mi ò lè jẹun tán lórí ìjókòó. Màá dìde pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́, màá lọ dúró lójú fèrèsé bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀.

"Kí lẹ ń wò?" á bi mí.

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ jókòó, jàre. Ọ̀nà yẹn ò ní sá lọ."

Lójú tèmi, ó ń sá lọ. Gbogbo àwọn tí a jọ kàwé ló ń gòkè. Ọ̀kan ti di ọ̀gá ní Kàdúná, òmíràn ti dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń wọ bàbá ńlá agbádá lọ sí ọ́fíìsì. Bí mo bá parí máìlì kan lónìí, máìlì tó kàn ni mo máa fi sùn, tí màá fi jí. Mi ò rántí pé mo wo èyí tí mo parí náà rárá.

Fóómàn wa jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mùsùlùmí, ó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Kò kàwé ju kéwú lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń po kọnkéré láti ìgbà tó jẹ́ ṣọ́bìrì nìkan ni wọ́n fi ń pò ó. Ó máa ń fi "ẹ̀yin" bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ipò, èmi náà á fi "ẹ̀yin" dá a lóhùn nítorí ọjọ́ orí. Tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá yanrìn kan dára, á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fún un, á ṣí ọwọ́, á wá wo ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i nínú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú búùtù ọkọ̀ mi.

Láàárín Ìgándò àti Ẹgàn, odò kékeré kan wà. Inú oyẹ́ ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo sì fò ó kọjá láìbọ́ bàtà. Ohun tó wà nínú àwòrán iṣẹ́ wa ni pé kí a ri páìpù kọnkéré méjì sábẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, kí omi máa gba inú wọn kọjá, kí a da ilẹ̀ lé wọn lórí, kí a tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó parí. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra mi, ó bá àwòrán mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóómàn wá bá mi. "Ẹnjiníà, ìyá kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí."

Ìyá náà ti dàgbà gan-an. Ọmọ onílẹ̀ ni, Àwórì pọ́ńbélé, odò yẹn ló ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ láti ìgbà tó ti wà ní wúndíá. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ lò ń ṣe ọ̀nà yìí?"

"Èmi ni mà."

Ó ṣíwájú wa, ó rìn kúrò létí odò, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi dé ìdí ọ̀pẹ kan tó jìnnà sí omi tó bí ogún ìṣísẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ara ọ̀pẹ náà, níbi tó ga dé àyà rẹ̀.

"Ibí lomi máa ń dé."

"Lọ́dọọdún ni, mà?"

"Kì í ṣe ọdọọdún. Ọdún tó bá wù ú ni. Ọdún tí mo bí ọmọ mi kẹta, ó gbé ewúrẹ́ wa lọ. Ọdún tí ọkọ mi kú, ó tún dé."

Mo wo ọ̀pẹ, mo wo odò tí kò tó nǹkan. Tí omi bá lè ga débẹ̀ yẹn, páìpù méjì ò lè gbà á láéláé, afárá gidi ló yẹ ibẹ̀. Mo fa ìwé pélébé jáde nínú àpò, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá àgbà kan sọ báyìí. Mi ò béèrè ọdún tó bí ọmọ kẹta. Mi ò wọn ọ̀pẹ náà.

Bí a ṣe ń padà, fóómàn ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé o. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ò ní ìdí kankan tó fi máa parọ́ fún wa."

Mo lọ bá ọ̀gá wa, òyìnbó, nínú ọ́fíìsì onípákó rẹ̀ ní Ìkòtún. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lórí rẹ̀. Mo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí omi odò yẹn ju bí a ṣe rò lọ.

"Ṣé o ní àkọsílẹ̀ kankan tó fi hàn bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Ìyá àgbà kan ló sọ ọ́."

"Ìyá àgbà!" Ó fẹ̀yìn ti àga, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rán mi létí pé kọmíṣọ́nnà fẹ́ wá ṣí ọ̀nà náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti pé tí a bá ní ká tún àwòrán yà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó ṣì ń dùn mí títí dòní ni pé èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

A ri páìpù méjì náà. Fóómàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, mi ò rí àléébù kan níbẹ̀.

Kọmíṣọ́nnà dé lóòótọ́, ó gé rìbọ́ọ̀nù. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá ju àsíá kéékèèké. Wọ́n ya fọ́tò mi níbi tí mo ti ń bọ kọmíṣọ́nnà lọ́wọ́, ó sì jáde nínú ìwé ìròyìn. Ìyàwó mi gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Mi ò wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkàn mi ti wà ní Badagry, níbi tí wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn ti ń bọ̀.

Òjò náà bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò sì dá títí di ìdájí ọjọ́ Àìkú. Mo ń wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí fóómàn gun kẹ̀kẹ́ wọ àgbàlá wa, ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún.

"Ẹnjiníà, omi ti dé ìdí ọ̀pẹ."

Mo wa ọkọ̀ ìjàpá yẹn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọ̀nà tí kọmíṣọ́nnà ṣí ti já sí méjì. Àlàfo tó wà láàárín tó ilé kan. Ọ̀dà ojú ọ̀nà ṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí etí búrẹ́dì tí wọ́n fi ọwọ́ bù, páìpù wa méjèèjì sì ti yí lọ sínú oko ẹnìkan. Omi tó pupa bí epo ń hó gba àárín rẹ̀.

Àwọn èèyàn kan dúró lódìkejì. Wọ́n ti apá Ẹgàn gbé aboyún kan wá nínú lọ́rì. Ọjọ́ kejì rèé tó ti ń rọbí, ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Ìkòtún ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọkọ rẹ̀ ń pariwo sí wa, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ nítorí ariwo omi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò yé.

Fóómàn ò bi mí léèrè ohun tí a máa ṣe. Ó ti tú okùn ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání wá. Ó so ó mọ́ igi, ó so ìdí kejì mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi níbi tó ti fẹ̀ tí kò sì jìn púpọ̀, ó rìn ín, ó lúwẹ̀ẹ́, ó gòkè. Nígbà tó fi so okùn le ní òdìkejì, àwọn ọkùnrin Ìgándò ti pé jọ. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé kan, a di okùn mú gbé e sọdá, a tẹ́ aboyún náà lé e lórí, àwa mẹ́jọ gbé e lé èjìká, a fi ọwọ́ kan di okùn mú. Èmi ni mo wà ní ipò kẹta. Omi dé àyà mi. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi ń yọ̀ lórí òkúta ìsàlẹ̀. Obìnrin náà ò ké mọ́, ìyẹn ló sì ń já mi láyà jù.

Mo wá gbọ́ ohùn ìyá àgbà náà láti bèbè: "Ẹ má wo omi! Ẹ wo ẹni tó wà níwájú yín!"

Ẹ̀yìn ọrùn fóómàn ni mo tẹjú mọ́ títí a fi gòkè.

A gbé obìnrin náà sẹ́yìn ọkọ̀ mi, àbúrò ìyá rẹ̀ tó di okùn mú tẹ̀lé wa kọjá sì wọlé tì í. A ò tí ì dé ilé ìgbẹ̀bí tí ọmọ fi dé. Ọmọbìnrin ni. Mo kàn gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn mi ni, mo sì fẹ́ẹ̀ wa ọkọ̀ wọ kòtò. Ìyá yè, ọmọ yè. Àwọn nọ́ọ̀sì gbà wọ́n wọlé, èmi sì jókòó sórí pèpéle níta, mo ń da omi inú bàtà mi nù. Bí obìnrin yẹn bá kú, kò sẹ́ni tí ì bá pè mí ní apànìyàn. Èmi nìkan ni mo máa mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, òyìnbó náà gbé ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ síwájú mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé fóómàn ò so páìpù pọ̀ bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí omi fi rí àyè wọlé.

"Buwọ́ lù ú," ó ní.

"Kì í ṣe òótọ́."

"Ṣé o fẹ́ kó jẹ́ orúkọ tìrẹ ló máa wà níbẹ̀ ni?"

Kí n má parọ́, mo rò ó wò. Mo ro Badagry, mo ro ọ̀gá tó wà ní Kàdúná. Lẹ́yìn náà mo béèrè ìwé funfun, mo jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, mo kọ tèmi: pé èmi ni mo ṣe ìṣirò náà, pé wọ́n fi ibi tí omi ń dé hàn mí, pé mi ò wọ̀n ọ́n. Ó kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n lé fóómàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èmi fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀ lórí tábìlì, mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá.

Mi ò sọ èyí láti fi ara mi hàn bí akọni. Lákòókò yẹn, ẹnjiníà tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀, á ti ríṣẹ́ mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ti ránṣẹ́ sí mi. Fóómàn ni kò rí bẹ́ẹ̀ fún. Mo kàn ń rìn yípo inú yàrá méjì wa ni, mo ń ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìmọ ohun tí mò ń kà.

Ìyàwó mi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Èwo lẹ fẹ́ gbà?"

"Mi ò mọ̀. Odò mìíràn ni gbogbo wọn máa gbé mi lọ. Ìwé tí mo sì kà, kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀."

Ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀. "Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ bá wọn tún un ṣe. Ṣé yunifásítì ò wá olùkọ́ ni?"

Wọ́n ń wá a lójú méjèèjì. Àwọn tó yẹ kó máa kọ́ni ti bá iṣẹ́ ọ̀nà lọ. Bí mo ṣe di olùkọ́ yunifásítì nìyẹn, tí àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń bi mí bóyá ara mi yá.

Kíláàsì mi àkọ́kọ́, ìwé òyìnbó ni mo gbé síwájú. Àwọn odò tó wà níbẹ̀, yìnyín ló ń yọ́ tí wọ́n fi ń kún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè. "Sà, àwọn odò tiwa ńkọ́? Ta ló ti wọ̀n wọ́n?"

Mo fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Kò tí ì sí," mo ní.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo kó wọn sínú bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, a lọ sí Ìgándò. Ìyá àgbà náà wà níbi tó ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Ó rí mi, ó kọ háà.

"O tún padà wá! Ọ̀nà mìíràn lo tún fẹ́ bàjẹ́, àbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. "Ẹ dárí jì mí, mà. Ẹ sọ ọ́ fún mi, mi ò gbọ́."

"Dìde, dìde. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́?"

Ìbéèrè méjì péré ni mo ní kí wọ́n máa bi àwọn àgbà ní gbogbo abúlé tó wà létí odò: ibo lomi dé, ọmọ ta ni wọ́n bí lọ́dún náà? Ọmọ kọ̀ọ̀kan, a wá ọjọ́ orí rẹ̀ rí, ìyẹn ló fún wa ní ọdún. A lọ bẹ́ẹ̀ títí ìgbà òjò ọdún náà fi parí, a sì ya àwòrán odò yẹn láti orísun rẹ̀. Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìjọba. Wọn ò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn wá tún ibẹ̀ ṣe, afárá tó ní ojú mẹ́ta ni wọ́n kọ́, ó sì ga. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá wọ́n ka ìwé wa tàbí ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i.

Mo wá fóómàn kiri. Ìyànà Ìpájà ni mo ti bá a, ó ń mọ búlọ́ọ̀kù.

"Ẹ wá bá mi kọ́ àwọn ọmọ," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lèmi fẹ́ kọ́ wọn?"

"Yanrìn."

Ó gbà láti wá. Yunifásítì ni kò fẹ́ gbà. Ìwé ẹ̀rí wo ló ní? Wọ́n béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ìpàdé tí mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lébìrà, bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú ìwé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń fi han àwọn tó máa di ẹnjiníà bí kọnkéré tó dára ṣe máa ń rí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ó bu yanrìn sí ọwọ́ ẹni tó rẹ́rìn-ín jù. "Fún un. Ṣí ọwọ́ ẹ. Kí lo rí?" Ẹni náà ṣí ọwọ́, ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí mo ṣe gòkè lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Mo di olórí ẹ̀ka, mo di olórí gbogbo ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, ìgbà tí irun mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì. Ilé ńlá kan ń bẹ nínú ọgbà tí wọ́n kó wa sí. Mi ò lè jókòó síbẹ̀. Fáìlì tí mo bá rí lórí tábìlì, bí ẹni tí ara ń yún ni mo máa ń ṣe. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di géètì nítorí omi tí kò yọ ní ilé ibùgbé wọn, àwọn ìgbákejì mi ní kí n pe ọlọ́pàá. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn. Mo ní kí wọ́n fi ibi tí omi ti dáwọ́ dúró hàn mí. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ tàn wọ́n ni. Wọ́n wá mú mi lọ, láti ẹ̀rọ omi kan dé òmíràn, àwọn obìnrin wọn ló mọ̀ ọ́n jù nítorí àwọn ló ń pọn ọ́n. Ìsàlẹ̀ títì kan la ti bá páìpù tó fọ́. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún un ṣe, wọ́n sì bú mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Oṣù kejì tí mo dé ipò ọ̀gá àgbà yẹn ni mo buwọ́ lùwé tó sọ fóómàn di olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó ku oṣù mẹ́jọ péré kó fẹ̀yìn tì. Mo gbé ìwé náà lọ fún un fúnra mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́. Ó gbà á, ó ká a sínú fìlà rẹ̀.

"Ẹnjiníà," ó ní, "ẹ̀yin nìkan lọ̀rọ̀ ìwé yìí ò jẹ́ kára yín balẹ̀. Tèmi ti balẹ̀ tipẹ́, alihamdulilahi."

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Nígbà tí sáà mi pé, àwọn kan ní kí n tún dupò. Ìyàwó mi wò mí, ó kàn ń di àwọn àwo wa sínú páálí. Mo padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ti débẹ̀ ṣáájú àwọn ọmọ, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán, mo ń fa àga kan lọ sábẹ́ fáànù tó ń dún. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní kó wá tún fáànù yìí ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," mo ní, "ṣùgbọ́n bá mi di àga yìí mú, ká wò ó."